Ìdérí táǹkì tí kò dé dáadáa: ohun kékeré tó ń gbọ́n owó lápò oníṣòwò

Àyà àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣòwò máa ń já bí iná kékeré tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì bá ṣàdédé tàn níwájú awakọ̀. Ẹni tó ń já búrẹ́dì fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń fi bọ́ọ̀sì kó èrò, àti ìyá olóúnjẹ tó ń fi Sienna kó ìkòkò lọ sóde àríyá, gbogbo wọn ló mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá dúró lónìí, owó ọ̀la ti wọ wàhálà nìyẹn. Wọ́n á sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ìyẹn á ní kí wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, bó bá di ọjọ́ kejì, á ní sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́. Owó á lọ, iná á ṣì máa tàn.

Bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn, ohun tó fà á kò ju ìdérí táǹkì epo tí wọn kò dé le dáadáa nílé epo lọ. Bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe ohun tí adìyẹ ń gbé mì.

Bí ìdérí ṣe kan ẹ́ńjìnnì

Epo bẹntiróòlù máa ń yára di oru, pàápàá bí oòrùn bá mú. Ìdérí táǹkì ní rọ́bà rìbìtì kan tó ń há oru náà mọ́ inú. Páìpù kan á gbé oru lọ sínú agolo tí wọ́n kó èédú sí, èédú á gbà á sára, ẹ́ńjìnnì á sì fà á jó bó bá ń ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé, kọ̀ǹpútà a máa yẹ ọ̀nà oru yìí wò bóyá ó ń jò. Bí ìdérí bá dẹ̀, tàbí tí rọ́bà rẹ̀ ti là, kọ̀ǹpútà á tan iná.

Láti orí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ọdún 1996 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti sọ kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì báyìí di dandan. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń ná títì Nàìjíríà ló jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò wọ́n.

Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ yẹ ọkọ̀ wò, P0455 túmọ̀ sí pé ibi tó ń jò tóbi, P0442 ní ó kéré, P0457 sì ń tọ́ka sí ìdérí gan-an. Kò sí èyí tó ní kí wọ́n lọ ra púlọ́ọ̀gì nínú wọn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná nìkan

Oru tó ń jáde, epo tí wọ́n fowó rà ni. Kò pọ̀ lóòjọ́, ṣùgbọ́n epo kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ṣòfò mọ́. Kí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tó kéde lọ́jọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà kan kò tó 200 náírà ní ọ̀pọ̀ ilé epo l'Ékòó. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, ó ti lé ní 900 náírà.

Omi òjò àti eruku náà lè gba ibẹ̀ wọlé. Bí omi bá dà pọ̀ mọ́ epo, ọkọ̀ á máa kọ́ lójú ọ̀nà, wọ́n á sì ní láti fa epo jáde kí wọ́n fọ táǹkì. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń fi àkísà tàbí ọ̀rá dí ẹnu táǹkì. Òórùn epo á máa wọ inú ẹrù, iná sì lè tibẹ̀ ṣẹ́ yọ.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Bí wọ́n bá ti rọ epo tán, kí awakọ̀ sọ̀kalẹ̀ wo ìdérí fúnra rẹ̀. Kí ó yí i títí yóò fi dún kẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ti dá epo dúró fúnra rẹ̀, kí wọ́n má fi tipátipá rọ sí i, nítorí epo lè ṣàn wọ agolo eléèédú, owó agolo náà sì ju ti ìdérí lọ fíìfíì.

Bí iná bá tàn, tí ọkọ̀ sì ń rìn dáadáa, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n ṣí ìdérí, kí wọ́n wo rọ́bà rẹ̀, kí wọ́n sì tún un dé. Iná náà lè má kú lójú ẹsẹ̀, ó lè gbà tó ọjọ́ mélòó kan. Bí kò bá kú, ìgbà yẹn ni kí wọ́n lọ fi ẹ̀rọ yẹ ọkọ̀ wò. Ṣùgbọ́n bí iná bá ń ṣẹ́jú, tàbí tí ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìdérí. Kí wọ́n tètè dúró, kí wọ́n pe mẹkáníìkì.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun ní Ládipọ̀ tàbí ọjà mìíràn, kí ó mú ògbólógbòó dání, kí ó sì mọ ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ rẹ̀. Ìdérí tí kì í ṣe ti ọkọ̀ náà lè wọ ẹnu táǹkì, síbẹ̀ kó má dé e pa.

Ìdérí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún láti yẹ̀ wò. Òun ni kí oníṣòwò kọ́kọ́ wò kó tó tọwọ́ bọ àpò.