Ẹ má fi gbogbo owó ra alùpùpù tókunbọ̀ tán: Ohun tó yẹ ní mímọ̀ kí ẹ tó gbé e sójú ọ̀nà yangí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwọn kan wà n'Ìbàdàn tí wọn kò fẹ́ kí ìrìn wọn mọ sí Bódìjà, Agbówó, Dùgbẹ̀ àti Ring Road nìkan. Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, alùpùpù ni wọ́n máa ń gùn jáde nílùú, tí wọ́n á kọrí sí ọ̀nà Òkè-Ògùn tàbí Ìbàràpá, kí wọ́n lè rí àwọn òkè, odò àti abúlé tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í fẹ́ dé. Kì í ṣe irú ọ̀kadà tó ń gbé èrò kiri àdúgbò ni wọ́n ń wá o. Alùpùpù arìnrìn-àjò ni, èyí tó ga nílẹ̀, tí táńkì epo rẹ̀ tóbi, tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ gùn, tó sì lè rìn lórí títì ọlọ́dà àti lórí yangí bákan náà.

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà láti máa sọ iye tó bá wù ú, ní oṣù kẹfà, ọdún 2023, owó irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ ní tuntun ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé tókunbọ̀ ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Wọ́n á kó gbogbo owó ọwọ́ wọn lé alùpùpù náà lórí, kò sì ní ku kọ́bọ̀ tí wọ́n á fi ra táyà, àṣíborí àti ohun tí wọ́n á fi tún un ṣe. Ìgbà tí wọ́n bá bọ́ sáàárín oko, níbi tí kò ti sí mẹkáníìkì, ni wọ́n tó máa mọ̀ pé ọjà náà kò tíì tán nílẹ̀. Bó bá jẹ́ owó nìkan ló ń bá a lọ, ìyẹn ì bá sàn. Lójú ọ̀nà yangí, ẹ̀mí lè bá a lọ.

Ìmọ̀ràn tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra irú alùpùpù yìí fi sọ́kàn kò le rárá: bí owó ọwọ́ rẹ̀ bá jẹ́ ìpín mẹ́ta, kó fi ìpín méjì ra alùpùpù, kó sì fi ẹyọ kan tó kù pamọ́ fún àtúnṣe àti ààbò ara rẹ̀.

Ìrìn-àjò ọlọ́nà jíjìn lórí alùpùpù kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ọmọ Yorùbá kan, Kúnlé Adéyanjú, gun alùpùpù láti ìlú London ní ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin, ọdún 2022, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún náà. Ọjọ́ 41 ló lò lójú ọ̀nà. Ó gba inú aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, nítorí kó lè wá owó fún ìgbógunti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń jí lọ́jọ́ kan ṣe. Ìmúrasílẹ̀ ló ń gbé ni débẹ̀, agbára ẹ́ńjìnnì nìkan kò tó.

Bí irú alùpùpù yìí ṣe délé ayé pàápàá kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejìlá, ọdún 1978, ni ìdíje àkọ́kọ́ láti ìlú Paris sí Dakar bẹ̀rẹ̀, èyí tí Thierry Sabine, ọmọ ilẹ̀ Faransé, dá sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Dakar ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1979, Cyril Neveu ló gba ipò kìn-ín-ní, Yamaha XT500 ló sì gùn. Alùpùpù náà kò tóbi, sílíńdà kan ṣoṣo ló ní, ṣùgbọ́n kò wúwo, kò sì ṣòro láti tún ṣe. Ní ọdún 1980 ni BMW gbé R80 G/S tirẹ̀ jáde, tó ní sílíńdà méjì. Yamaha gbé Ténéré jáde ní ọdún 1983, Honda sì gbé Africa Twin jáde ní ọdún 1988. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tóbi sí i. BMW R1250GS ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn kílógíráàmù 250 bí epo bá kún inú rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po méjì Bajaj Boxer tí àwọn ọlọ́kadà wa ń gùn.

Ìwúwo yìí ni àwòrán kì í fi hàn. Ẹni tí alùpùpù kílógíráàmù 250 bá ṣubú mọ́ lọ́wọ́ nínú iyanrìn ọ̀nà oko, tí òun nìkan sì wà níbẹ̀, yóò mọ ohun tí àwọn àgbà ń pè ní ẹrù tó kọjá orí. Nítorí náà, ó dára kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa wo èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láàárín cc 250 sí 500. Honda CB500X, bí àpẹẹrẹ, kò ju nǹkan bíi kílógíráàmù 200 lọ. Kí wọ́n rántí pé láti ọdún 2019 ni táyà iwájú CB500X ti di íńṣì 19. 17 ni ti àwọn tó ṣáájú. Bí táyà iwájú bá ṣe tóbi tó ni ó ṣe máa ń rọrùn fún un láti gun òkúta àti láti jáde nínú kòtò. Ìdí nìyí tí àwọn tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ líle gan-an fi máa ń ní íńṣì 21 níwájú. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá sì tó èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, Boxer cc 150 tí wọ́n tọ́jú dáadáa yóò gbé e dé ọ̀pọ̀ ibi, kò sì sí abúlé tí wọn kò ti mọ bí wọ́n ṣe ń tú u.

Lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti mọ irú èyí tó fẹ́, àyẹ̀wò ló kàn. Ìwé ni kó kọ́kọ́ wò, kó tó wo ẹwà. Gbogbo alùpùpù òde òní ló ní nọ́ńbà fírémù, lẹ́tà àti òǹkà 17, tí wọ́n sábà máa ń tẹ̀ sára irin níbi ọrùn tí ọwọ́ alùpùpù ti ń yí. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ máa ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é: J dúró fún Japan, W fún Jámánì. Nọ́ńbà yìí gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìwé tí ẹni tó ń tà á mú wá mu, láìyẹ̀ níbì kankan. Bí ojú ibẹ̀ bá dà bí ibi tí wọ́n fi fáìlì ha, tàbí tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ni ọ̀dà tuntun wà, kí oníbàárà yáa máa lọ sílé rẹ̀. Alùpùpù olówó pọ́ọ́kú tó jẹ́ ti olè lè sọ ẹni tó rà á di èrò àgọ́ ọlọ́pàá.

Ohun mìíràn tún wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tókunbọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà wá ló jẹ́ pé ilé iṣẹ́ adójútòfò ló ti pa wọ́n tì lẹ́yìn ìjàǹbá tàbí omíyalé, tí wọ́n wá tà wọ́n ní gbàǹjo. Kì í ṣe gbogbo wọn ni kò dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ mọ̀. Nọ́ńbà fírémù yẹn náà ni wọ́n fi ń wá ìtàn ìgbésí ayé alùpùpù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdánù tó lè yọ ènìyàn kúrò nínú rẹ̀.

Ibi tí ìjàǹbá ti máa ń fi àpá sílẹ̀ kò ṣòro láti rí. Kí wọ́n wo etí ọwọ́ bíréèkì àti ti kílọ́ọ̀ṣì bóyá ó ti ha mọ́lẹ̀. Kí wọ́n wo ibi ìgbẹ́sẹ̀lé. Kí wọ́n sì yí ọwọ́ alùpùpù sọ́tùn-ún àti sósì títí yóò fi dúró. Bí irin tó ń dá a dúró níbẹ̀ bá ti wọ́, ó ti kọlu nǹkan gan-an nìyẹn. Bí ọwọ́ náà bá ń há láàárín nígbà tí wọ́n ń yí i, bíárì ọrùn rẹ̀ ti jẹ nìyẹn. Bí òróró bá ń ṣàn lára ṣọ́ọ̀kì iwájú, síìlì rẹ̀ ti bàjẹ́. Fírémù tó bá ti wọ́ ni kí wọ́n má rà rárá, nítorí ohun gbogbo tó kù ló ṣeé pààrọ̀.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, kí oníbàárà fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó tan án. Bó bá ti gbóná ṣáájú, a jẹ́ pé wọ́n ti ń tan án sílẹ̀ dè é, bóyá nítorí pé kì í tètè jí bó bá tutù. Bí èéfín aláwọ̀ búlúù bá ń jáde, ó ń jẹ ọ́ìlì. Bó bá dúdú, epo tó ń jó ti pọ̀ jù. Bó bá funfun tí kò sì lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi rédíétọ̀ lè ti máa wọ inú rẹ̀. Ọ́ìlì tó bá sì dà bíi tíì oníwàrà jẹ́ àmì pé omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Kí wọ́n wo òǹkà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà DOT lára táyà pẹ̀lú: 2318 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é. Táyà lè dán bíi tuntun síbẹ̀ kó ti gan.

Bí wọ́n bá ti rà á tán, ìgbà náà ni ìpín kẹta owó yẹn ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ ọ́ìlì, òróró bíréèkì àti pílọ́ọ̀gù, ohun yòówù kí ẹni tó tà á sọ. Kí wọ́n wo ṣéènì pẹ̀lú eyín irin tó ń gùn. Bí àwọn eyín náà bá ti tẹ̀ bí ìkọ́, àpapọ̀ ni kí wọ́n pààrọ̀ wọn. Táyà tí wọ́n fi ń sáré lórí ọ̀dà kò lè di yangí mú. Èyí tí ojú rẹ̀ là gbàgàdà ni kí wọ́n rà. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì kan, túúbù kan àti ohun èlò ìtú táyà kò gbọ́dọ̀ wọ́n nínú àpò. Rírùn tó jẹ́ oníwáyà sì sàn ju oníṣágo irin lọ níbi òkúta, nítorí oníwáyà lè wọ́ kí wọ́n sì tún un nà, èkejì a máa sán.

Ekuru pupa ni ọ̀tá ẹ́ńjìnnì nílẹ̀ wa, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Fílítà tó ń sẹ́ atẹ́gùn ni kí wọ́n máa yẹ̀ wò lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n fi irin tó nípọn bo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kí òkúta má baà lu ú. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ n'Ìbàdàn lè ṣe èyí, bó ti lè ṣe irin tó ń gba alùpùpù sílẹ̀ bó bá ṣubú. Ẹrù ńkọ́? Báàgì aláwọ tàbí ti aṣọ líle ló dára ju àpótí irin lọ, nítorí irin a máa ká ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí alùpùpù bá dojú dé.

Ẹni tó máa gùn ún náà nílò ìmúrasílẹ̀. Ìwé ìwakọ̀ onípele A ni òfin ilẹ̀ wa béèrè fún alùpùpù. Àwọn àgbàlagbà kò ní gbàgbé oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2009, nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé àṣíborí, tí àwọn ọlọ́kadà kan sì ń fi igbá àti ìkòkò bo orí nítorí wọn kò fẹ́ ná owó. Ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ rín nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ra alùpùpù olówó ńlá tó wá dé àṣíborí tí kò ní àmì ECE tàbí DOT kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí wọn. Bàtà tó ga dé ojúgun, ìbọ̀wọ́ àti jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn ní ìgúnpá kì í ṣe oge.

Kó tó di pé ènìyàn ń lọ jìnnà, kó kọ́kọ́ gùn ún láàárín ìlú fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, láti Challenge gba Ring Road, kó lè mọ ohun tó ń dún àti ohun tó ń tú. Lẹ́yìn náà, kó gba Òjòó àti Mọ́níyà lọ sí Ìṣẹ́yìn, ọ̀nà tó gba Ìjàyè kọjá, kó sì tibẹ̀ lọ wo adágún omi tó wà lórí òkè Àdó-Àwáyè. Ọ̀nà oko tó ń yà kúrò lára títì ni kó ti fi yangí dánra wò, níwọ̀nba. Kó dín atẹ́gùn táyà kù díẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́, kó sì fi kún un padà bó bá bọ́ sórí ọ̀dà. Kó dìde dúró lórí ìgbẹ́sẹ̀lé, kó máa wo iwájú jìnnà, kó má sì ṣe fún bíréèkì iwájú lójijì. Bí òjò bá ti rọ̀, yangí a máa yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn pàápàá á máa rọra ni.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fi pamọ́. Àwọn ajínigbé máa ń lo alùpùpù, ojú tí àwọn ará abúlé fi ń wo àjèjì tó gun alùpùpù ńlá wọlé sì ti yí padà. Kí wọ́n má dá nìkan lọ, kí wọ́n má rin òru, kí wọ́n sì kọ́kọ́ kí baálẹ̀ ibi tí wọ́n bá dé, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Kí ẹnì kan nílé mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n padà.

Alùpùpù tó dára kọ́ ni èyí tí gbogbo ènìyàn ń yà ní fọ́tò ní Bódìjà. Èyí tó gbé olówó rẹ̀ lọ, tó sì gbé e padà wálé láyọ̀, ni. Ẹni tó bá fi nǹkan pamọ́ nínú owó rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á ti ra ìpadàbọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú.