Sọráyásíìsì: Àrùn Awọ Tí Kì Í Dá Rìn

Nínú gbogbo àrùn tí ń bá ọmọ ènìyàn fínra, kò sí èyí tí ayé máa ń yára dá lẹ́jọ́ tó àrùn tó bá hàn lára awọ. Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru a máa ba sínú iṣan, ìtọ̀ ṣúgà a sì máa ṣe tirẹ̀ láìjẹ́ pé aládùúgbò mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ìpẹ́ funfun ń bọ́ lára rẹ̀ sórí ẹní àti sórí àga kò ní ibi tí yóò fi tirẹ̀ pamọ́ sí. Ní Omifunfun, àti káàkiri àwọn abà kòkó ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó, títí dé Ọ̀rẹ̀ tí í ṣe olú-ìlú rẹ̀, Ọ̀rẹ̀ tí ìjà ogun abẹ́lé ọdún 1967 sọ orúkọ rẹ̀ di àkàwé fún ohun gbogbo tó bá le, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ gbọ́ ìdájọ́ rẹ̀: àwọn kan á ní làpálàpá ni, àwọn kan á ní kúrúnà ni, àwọn mìíràn á rẹ ohùn sílẹ̀, wọn á ní àbí ẹ̀tẹ̀ ni. Àrùn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kì í ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Sọráyásíìsì ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Kì í ràn rárá, ohun tó sì gbé mi dìde láti kọ̀wé nípa rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń wo awọ nìkan kò tíì rí ìdajì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lójú. Ibi tó fẹ́ràn jù ni ìgúnpá, orúnkún, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn àti agbárí. Àpá tó nípọn, tí etí rẹ̀ dá yàtọ̀ gedegbe sí ara tó yí i ká, ni yóò yọ, ìpẹ́ funfun tó ń dán yóò sì bò ó. Bí a bá fi èékánná rọra họ ìpẹ́ náà kúrò, ẹ̀jẹ̀ á sun tíntìntín lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé òyìnbó a máa sọ pé pupa ni àpá náà, òtítọ́ sì ni bí ó bá jẹ́ lára wọn, ṣùgbọ́n lára àwa adúláwọ̀ ó lè ní àwọ̀ àlùkò, tàbí kí ó dúdú ju ara yòókù lọ, èyí sì wà lára ìdí tí a fi ń ṣì í mọ̀. Àṣìmọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti ìgbà láéláé ni wọ́n ti ń ka ọ̀pọ̀ ẹni tó ní i mọ́ adẹ́tẹ̀, tí wọ́n sì ń lé wọn sẹ́yìn odi. Ọdún 1808 ni Robert Willan, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe àpèjúwe rẹ̀ lọ́nà tó yéni, ó sì di ọdún 1841 kí Ferdinand von Hebra ní Vienna tó yà á sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára ẹ̀tẹ̀. Ó dùn mí dọ́kàn pé lẹ́yìn ohun tó lé ní àádọ́jọ ọdún sí ìgbà náà, ènìyàn ṣì wà láàárín wa tí wọ́n ń dá abọ́ oúnjẹ rẹ̀ yà sọ́tọ̀ nínú ilé baba rẹ̀, nítorí àrùn tí ẹnikẹ́ni kò lè kó bí ó tilẹ̀ bá a sùn lórí ẹní kan náà.

Níbo wá ni ó ti ń wá? Àwọn baba wa ní ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Elédùmarè fi àwọn ẹ̀ṣọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dá láti máa gbógun ti kòkòrò àìsàn. Lára ẹni tó ní sọráyásíìsì, àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí a kọjú ìjà sí onílé, wọn a sì máa fi ipá mú awọ láti yára hù, tó bẹ́ẹ̀ tí awọ tuntun tó yẹ kí ó gba nǹkan bí oṣù kan kí ó tó ti ìsàlẹ̀ dókè yóò ti dókè láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, tí èyí tó ti kú yóò sì máa dì lé ara wọn lórí. A máa jogún ewu rẹ̀ nínú ẹbí. Kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í ṣe àfiṣe, kì í sì í ṣe ẹ̀san ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wúwo nìyí: ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ń gbé inú rẹ̀ jà kò dúró sí ìgúnpá àti orúnkún; ó ń dé oríkèé, ó ń dé ọkàn, ó ń dé ẹ̀dọ̀, ó ń dé ojú.

Oríkèé ló sábà máa ń kọ́kọ́ kígbe. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí àrùn yìí bá mú, ó lè tó mẹ́ta tí irú aromọléegun kan tó bá a tan yóò bá jà, nígbà púpọ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí awọ ti bẹ̀rẹ̀, débi pé kò ní wá sọ́kàn ẹni náà láé pé ohun kan náà ni. Ẹ wo àgbẹ̀ kòkó tó jí ní ìdájí, tó fẹ́ di àdá mú, tí ìka rẹ̀ kọ̀ tí kò ká, tó ní láti jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí ó máa fọwọ́ ra ọwọ́ ju ààbọ̀ wákàtí lọ kí ó tó lè gba oko lọ. Ìka kan wú láti ìdí dé orí, gìgísẹ̀ ń ta á bí ó bá kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀, èékánná rẹ̀ sì kún fún ihò wínníwínní bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un. Làkúrègbé ni yóò pè é. Yóò ní iṣẹ́ àdá ló fà á, yóò sì ra oògùn ìrora ní gáréèjì. Bẹ́ẹ̀ ìjáfara oṣù mẹ́fà péré tó láti jẹ́ kí àrùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ eegun oríkèé, èyí tó bá sì ti jẹ kì í padà sípò.

Ti ọkàn kì í pariwo, òun ló sì ń dẹ́rù bà mí jù. Ní ọdún 2006, Joel Gelfand ti Yunifásítì Pennsylvania àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ ìwòsàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà àádóje nínú wọn ló ní sọráyásíìsì, wọ́n sì rí i pé ìkọlù ọkàn ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn wọ̀nyí ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, kódà lẹ́yìn tí a bá ti yọ ti sìgá, ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà kúrò. Ọ̀dọ́ tí tirẹ̀ le gan-an ni ewu náà wúwo fún jù: ẹni ọgbọ̀n ọdún nínú wọn, ewu tirẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá tó ń bo ẹ̀dọ̀ àti ìsanrajù, gbogbo wọn ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ní i. Ìsanrajù sì tún ń ru ìjà ẹ̀ṣọ́ ara sókè, tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó bá dín ìsanra rẹ̀ kù ló ń rí i tí awọ rẹ̀ náà ń rọlẹ̀. Ojú lè pọ́n kí ó sì máa ro ni nínú. Ìfun pàápàá lè gbọgbẹ́.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwa ará ilé la sì ń dá kún un. Obìnrin tí kì í wọ bùbá ọlọ́wọ́ kékeré mọ́ nínú ooru, tí kò lọ sọ́dọ̀ onídìrí mọ́ nítorí ohun tí àwọn tó jókòó níbẹ̀ yóò sọ nípa agbárí rẹ̀, ń ru ẹrù tí òṣùwọ̀n kankan kò lè wọ̀n. Ìdààmú ọkàn náà ni yóò sì tún ru àrùn ara sókè.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí a ń ṣe sí àrùn yìí ní agbègbè wa jọ bẹ́ẹ̀. Bí awọ ẹni tó ní i bá gba ọgbẹ́, àrùn náà a máa hù lójú ọgbẹ́ ọ̀hún, nítorí náà ẹni tí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún láti wò ó lè rí i kí ó tọ ojú abẹ lọ lẹ́sẹẹsẹ. Chloroquine, oògùn ibà àtijọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ti mú kúrò ní ipò oògùn ibà àkọ́kọ́ láti ọdún 2005, tí àwọn kan ṣì ń rà lò, lè ta á jí lára ẹlòmíràn. Propranolol tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lò ó kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀ o, kí ó sọ fún dókítà ni, nítorí oríṣi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn wà. Èyí tó burú jù ni prednisolone àti dexamethasone, tí wọ́n ń pò mọ́ oògùn ìrora nínú ọ̀rá kéékèèké. Wọn a jẹ́ kí awọ tètè jọ̀lọ̀, inú ẹni a sì dùn. Ṣùgbọ́n bí a bá dá wọn dúró lójijì, àrùn náà lè padà wá pẹ̀lú ìléròrò tó ní ọyún káàkiri ara, èyí tó lè pani, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn oògùn kan náà yìí ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà sókè, lára ẹni tí ewu méjèèjì ti ń dọdẹ tẹ́lẹ̀. Àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọtí a máa mú àrùn náà le, àti pé methotrexate, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tó lágbára jù tí dókítà ń kọ fún un, kò gbọdọ̀ bá ọtí pàdé nínú ẹ̀dọ̀. Aláboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kan methotrexate yìí pẹ̀lú.

A kò tíì rí oògùn tó ń fa gbòǹgbò rẹ̀ tu, ṣùgbọ́n èyí tó ń kápá rẹ̀ wà: ìpara tó ń rọ ìpẹ́, ìpara tí dókítà mọ ìwọ̀n rẹ̀, ìtànṣán tí wọ́n ń fi sí ara nílé ìwòsàn, àti oògùn lílò fún èyí tó bá le. Àwọn onímọ̀ àrùn awọ wà ní ilé ìwòsàn UCH, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957, ní Ìbàdàn Mesi Ọ̀gọ̀ nílé Olúyọ̀lé. Wọ́n wà ní Ifẹ̀ Oòdáyé, wọ́n sì wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Benin, tí ẹni tó bá wọkọ̀ ní Ọ̀rẹ̀ kò ní láti yà kúrò lójú títì márosẹ̀ kí ó tó dé ìlú rẹ̀. Ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ kò sì rọrùn fún ẹni tí ìkórè kòkó kò tíì tó lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ sí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé jù. Ìpàdé àgbáyé lórí ìlera fẹnu kò ní ọdún 2014 pé àrùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó yẹ kí ìjọba gbogbo kà sí ni sọráyásíìsì, àjọ ìlera àgbáyé WHO sì tẹ ìwé jáde lé e lórí ní ọdún 2016. Ṣùgbọ́n ohun tí a nílò ní Omifunfun kò tó ìwé. Bí ẹnìkan bá gbé ìgúnpá tí ìpẹ́ ń bọ́ lára rẹ̀ wá, ẹ di rọ́bà ìwọ̀n-ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn lápá, ẹ gún ìka rẹ̀ wo ṣúgà, ẹ bojú wo èékánná rẹ̀, ẹ bi í bí ọwọ́ rẹ̀ ti rí nígbà tó jí. Bí àrùn náà bá dé lójijì tó sì bo gbogbo ara, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀ àyẹ̀wò HIV, nítorí kòkòrò yẹn lè jẹ́ kí ó le ju bó ti yẹ lọ. Kí aláìsàn pẹ̀lú má ṣe gbé aṣọ bo awọ rẹ̀ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló bá wá. Kí ó ká ọwọ́ aṣọ sókè, kí dókítà rí i.