Káàdì ìdánimọ̀ Estóníà

Káàdì ìdánimọ̀ Estóníà ni káàdì tí ìjọba Estóníà, ní àríwá Yúróòpù, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ará ìlú ní ọdún 2002. Wọ́n ń fi í fọwọ́ sí ìwé lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń fi í dìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2005.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Nọ́ńbà gígùn méjì-méjì ni káàdì náà ń lò bíi kọ́kọ́rọ́: ọ̀kan hàn sí gbogbo ènìyàn, èkejì jẹ́ àṣírí. Ẹni tí ó bá mọ kọ́kọ́rọ́ àṣírí ẹlòmíràn lè fọwọ́ sí ìwé lórúkọ onítọ̀hún.

Àbùkù ọdún 2017

Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí, tí àwọn kan nínú wọn wà ní Yunifásítì Masaryk ní orílẹ̀-èdè Tsẹ́kì, rí i pé a lè ṣírò kọ́kọ́rọ́ àṣírí láti ara èyí tí ó hàn. Ó kan nǹkan bí 750,000 káàdì. Ìjọba kéde rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, ṣùgbọ́n ó gbà kí ìdìbò oṣù Kẹwàá wáyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Kọkànlá, ó dá lílo àwọn káàdì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì dúró títí àwọn tí ó ni wọ́n yóò fi gba kọ́kọ́rọ́ tuntun. A kò rí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni fi àbùkù náà ṣe jìbìtì.