Ẹ̀fọ́ Inú Garawa: Ká Wo Oòrùn Ká Tó Dá Oníirúgbìn Lẹ́bi

Gbogbo wa la mọ bí ẹ̀fọ́ ṣe ń wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyẹn ló mú wa gbin tẹ̀tẹ̀ àti ata sínú garawa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa n'Íbàdàn. Àmọ́ ògiri ilé kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tiwa. Irúgbìn náà hù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ 3, gbogbo rẹ̀ ti dùbúlẹ̀.

Ìyá tó ta irúgbìn náà, ọmọ ẹgbẹ́ wa ni. A lọ bá a lọ́jà, a ní èyí tó ti bàjẹ́ ló tà fún wa. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbọ́. Ìyá ò bá wa jà. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lọ gbin èyí tó kù síta gbangba." A gbìn ín. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 4, a ti ń já tẹ̀tẹ̀ sínú ọbẹ̀. Ojú tì wá jàre! A padà lọ bẹ̀ wọ́n níṣojú àwọn tó gbọ́ ẹ̀sùn wa.

Ṣé ẹ rí i, oòrùn ni oúnjẹ ewéko. Tẹ̀tẹ̀, ata àti tòmátì ń fẹ́ oòrùn gangan tó wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́. Bí ti yín ò bá ju wákàtí 3 tàbí 4 lọ, ẹ gbin gbúre. Ibòòji kì í bà á lẹ́rù. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀, kí ẹ fi gún ilẹ̀dú, yóò hù. Èfìnrín náà lè gbìyànjú níbẹ̀. Inú pálọ̀ tí oòrùn kì í wọ̀ ńkọ́? Ọjá ìkòokò ni kẹ́ ẹ fi ṣe ẹ̀ṣọ́, kì í ṣe ẹ̀fọ́.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọjọ́ kan ṣọ́ ibẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kí ẹ ka wákàtí tí oòrùn fi bà á. Ẹ dá ihò sí ìdí garawa. Omi kì í tètè gbẹ níbi ibòòji, nítorí náà ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀. Bó bá ṣì tutù, ẹ má tíì bomi sí i. Bẹ́ ẹ bá lè kun ògiri ní ọ̀dà funfun, yóò da ìmọ́lẹ̀ padà sára ewé.

Ẹ̀yin oníṣòwò irúgbìn, ẹ máa bi oníbàárà yín pé, "Níbo lẹ fẹ́ gbìn ín sí?" Ẹ̀yin tó ń rà, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Orúkọ rere ọlọ́jà ni ọjà rẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká fi ẹnu wa bà á jẹ́.