Ìpàdé Àwọn Tó Fẹ́ Jáwọ́ Nínú Ọtí: Bí A Ṣe Ń Rí I àti Bí A Ṣe Ń Lọ

(Ohùn ọjọ́ Àìkú, a kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè gbọ́ ọ)

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Kano, Kaduna, Jos, Onitsha àti Port Harcourt.

Ọ̀rọ̀ tòní, ẹ̀yìn ẹni la ti máa ń sọ ọ́: ọ̀rọ̀ ọtí. Mi ò bá ẹni tó mu ìgò kan níbi ìkómọ wí o. Ẹni tó ń fi owó ọjà ra pàrágà ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tí kì í lè ṣí ìsọ̀ àfi lọ́sàn-án, tó ti búra lẹ́ẹ̀mẹta pé òun ò mu mọ́, tí ìbúra náà ò pé ọ̀sẹ̀ kan. Ká ní ilé ló wà, ìyá rẹ̀ á ti pariwo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ti pe ẹbí jọ. Ní ìdálẹ̀ ńkọ́? Ó lè jẹ́ ìgbà tí owó òwò bá tán la máa tó mọ̀.

Ìpàdé kan wà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Alcoholics Anonymous ni, AA là ń pè é. Ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí ó kàn wá gan-an. Lọ́dún 1935, Bill Wilson kúrò ní New York lọ sí Akron, ní Amẹ́ríkà, nítorí òwò. Òwò náà forí ṣánpọ́n. Ó ku òun nìkan ní hòtẹ́ẹ̀lì, ọtí ń pè é, bẹ́ẹ̀ ó ti tó oṣù márùn-ún tó ti fi í sílẹ̀. Dípò kó lọ mu ún, fóònù ló gbá mú, ó ń pe àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n bá òun wá ọ̀mùtí míì tóun lè bá sọ̀rọ̀. Bó ṣe pàdé Dókítà Bob Smith nìyẹn, àwọn méjèèjì ló dá AA sílẹ̀. Àlejò tí òwò dà rú mọ́ lọ́wọ́ nílùú onílùú ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀!

Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Wọ́n á jókòó bíi wákàtí kan. Ẹni tó bá fẹ́ á sọ orúkọ kan ṣoṣo, á sọ ohun tí ọtí fojú ẹ̀ rí àti bó ṣe ń yẹra fún un lónìí. Kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Bẹ́ ò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ sọ pé ẹ kàn wá gbọ́ ni. Ohun tẹ́ ẹ bá gbọ́, ibẹ̀ lẹ máa fi í sí. Kò sówó ìwọlé. Wọ́n lè gbé igbá kiri, ẹni tó ní á fi sí i. Wọ́n máa ń dárúkọ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, Mùsùlùmí lè lọ. Kó ṣáà wù yín láti jáwọ́, ó tán.

Ibo la ti ń rí i? Ẹ lọ sí aa.org, ẹ wá ibi tí wọ́n ti to orílẹ̀-èdè, ẹ mú Nàìjíríà. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, torí ibi ìpàdé máa ń yí padà. Bí kò bá sí nílùú yín, ẹ lọ sí aa-intergroup.org: tọ̀sán-tòru ni ìpàdé orí Zoom wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ yí orúkọ tó wà lórí Zoom yín padà, torí fóònù lè gbé orúkọ yín lódindi jáde. Ẹ pa fídíò, ẹ fi íápíìsì sétí. Dátà ò ní jẹ púpọ̀, aládùúgbò ò sì ní gbọ́. Ìpàdé aago mẹ́jọ alẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, aago mẹ́sàn-án ni níbí nígbà òtútù wọn. Nígbà ooru wọn, aago wa dọ́gba. Ìsọ̀ á ti tì nígbà yẹn.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o. Ẹni tó ń mutí lójoojúmọ́, tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n bí kò bá rí i mu láàárọ̀, kó má ṣe já a lójijì ní yàrá òun nìkan. Ara ẹ̀ lè gbọ̀n bí ti oníwárápá, ó lè máa rí ohun tí kò sí, ó lè kú. Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin àkọ́kọ́ ló léwu jù. Dókítà ló kàn, ìpàdé tẹ̀ lé e. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Kaduna, Maiduguri, Enugu, Calabar, Benin, àti Kware ní Ṣókótó. Kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ lè má wọ̀ yín lára. Ẹ tún lọ, ẹ gbìyànjú ìpàdé míì. Ẹ̀yin ìyàwó, ọkọ àti ọmọ tí ọtí ẹlòmíì ń dà láàmú, tiyín wà lọ́tọ̀, Al-Anon ni.

Ní ìparí, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni sórí gúrúùpù yìí. Bẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó kàn, ẹ fi ránṣẹ́ sí i ní ìkọ̀kọ̀, kẹ́ ẹ sì bi í bóyá ó fẹ́ kẹ́ ẹ sìn ín lọ. Ọlọ́run á bù sí òwò wa o.