Ǹjẹ́ Ọmọ Yín Lè Sọ Inú Rẹ̀ Fún Yín?

    

Ọ̀rọ̀ tòní kan gbogbo ilé tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà bá wà. Àwọn òbí máa ń wá bá wa lẹ́yìn ìrun pé: "Ọmọ mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Bí mo bá bá a sọ̀rọ̀, á fajú ro. Bí inú bá bí i, á pa ilẹ̀kùn dé gbàgà." Bí a bá wá bi wọ́n pé, "Kí ló ń dun ọmọ náà gan-an?" ọ̀pọ̀ kì í mọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Kò sí ẹni tí a bí ìkóra-ẹni-níjàánu mọ́. Kíkọ́ ni à ń kọ́ ọ. Ohun mẹ́ta ni ọmọ ní láti kọ́: kí ó dá ohun tó ń ṣe é mọ̀, bóyá ìbínú ni, ìtìjú ni tàbí ìbẹ̀rù, kí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kí ó sì mọ ohun tí yóò ṣe sí i láì pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lára. Ọ̀dọ̀ òbí ló ti kọ́kọ́ ń kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti fi yé wa pé apá iwájú ọpọlọ, tí a fi ń ro nǹkan kí a tó ṣe é, kì í gbó tán títí ènìyàn yóò fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún 25. Nítorí náà, ọmọ ọdún 14 tó ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ ṣì nílò kí bàbá bá a di ìjánu mú.

Ẹ jẹ́ kí á wo ilé Ànábì wa. Anas ọmọ Malik kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún 10 lọ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí sin Ànábì ní Mẹ̀dínà. Nǹkan bí ọdún 10 ló lò, ìyẹn ni pé ọwọ́ Ànábì ló ti bàlágà. Anas fúnra rẹ̀ ròyìn pé Ànábì kò pòṣé sí òun rí. Ní ọjọ́ kan, Ànábì rán an níṣẹ́. Ó ní òun ò lọ, bẹ́ẹ̀ ó wà lọ́kàn rẹ̀ láti lọ. Nígbà tó jáde, ó bá àwọn ọmọdé tó ń ṣeré lọ́jà. Àfi bí ẹnì kan ṣe dì í mú lẹ́yìn ọrùn. Ó wẹ̀yìn, Ànábì ni, ó ń rẹ́rìn-ín! Ó fi orúkọ ìkẹ́ pè é, ó bi í bóyá ó ti lọ síbi tí òun rán an. Anas ní òun ń lọ báyìí.

Ẹ wo ọgbọ́n ibẹ̀. Iṣẹ́ kò yí padà, ọmọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kò sí èébú níbẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò mú ọmọ parọ́. Bákan náà, nígbà tí ẹyẹ kékeré tí Abu Umayr, àbúrò Anas, fi ń ṣeré kú, Ànábì rí i pé inú rẹ̀ bàjẹ́, ó béèrè ìdí, ó sì bá a sọ̀rọ̀ nípa ẹyẹ náà. Kò ní kó panu mọ́ nítorí ẹyẹ lásán.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣé kí á wá kẹ́ ọmọ bà jẹ́ ni?" Rárá o. Ní 1966, Diana Baumrind, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta ni òbí ń gbà tọ́ ọmọ: ti òbí tó ń fi ipá pàṣẹ, ti òbí tó fi ọmọ sílẹ̀ kó ṣe bó ṣe wù ú, àti ti òbí tó lófin ṣùgbọ́n tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ, tó sì ń ṣàlàyé. Ẹ̀kẹta yìí ló dára jù. Àwọn bàbá wa náà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra.

Ká ní ọmọ yín gbé èsì ìdánwò wálé, ó sì gbòdo nínú ìṣirò. Bí ẹ bá jágbe pé "Olódo!", ohun tó kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé kó máa fi ìwé pa mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní, "Mo rí i pé ojú ń tì ọ́. Jókòó. Kí ló ṣẹlẹ̀?" á sọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dá àkókò ìwé kíkà fún un, kí ẹ sì rí i pé ó ṣe é.

Ọmọ tí kò rí ẹni gbọ́ tirẹ̀ nílé yóò wá a lọ síta. Ẹni tí yóò rí níta lè jẹ́ ẹni tí yóò kọ́ ọ ní igbó mímu.

Oṣù ààwẹ̀ yìí ló yẹ kí á fi bẹ̀rẹ̀. Nídìí oúnjẹ sààrì àti ìṣínu, gbogbo ilé ló ń jókòó pọ̀. Ẹ bi ọmọ yín bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe lọ, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ tán kí ẹ tó fèsì. Bí ebi bá sì mú yín jágbe mọ́ ọn láìnídìí lẹ́yìn ìrun Alásárì, ẹ pè é kó tó di àkókò ìṣínu, ẹ ní, "Má bínú, mo ṣì ọ́ bá wí." Èyí kò dín ọlá òbí kù. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀ yóò mọ bí a ṣe ń tọrọ àforíjì.

Kí Ọlọ́hun Ọba jẹ́ kí á jẹ èrè àwọn ọmọ wa, kí Ó sì gba ààwẹ̀ wa. Àmín.