Ìdánwò Àtiwọ Ẹ̀kọ́ Òfin: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ọmọ Ẹgbẹ́ Mọ̀ Kí Ó Tó Yá Owó

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní ìpín yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó kan àpò wa, tí ó sì kan orúkọ ilé wa. Ní àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí a ń bẹ̀ wò ní Ìfọ́n àti àwọn abúlé tí ó yí i ká, ọ̀pọ̀ òbí ní ń wá yá owó nítorí ọmọ tí ó fẹ́ di agbẹjọ́rò. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n a ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ irú ìdánwò tí ọmọ fẹ́ ṣe, a kò sì mọ ohun tí owó lè ṣe nínú rẹ̀ àti ohun tí owó kò lè ṣe. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú wa rí. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí a ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò, a rí ẹ̀yáwó ₦250,000 tí wọ́n kọ "owó ilé-ìwé" sí. Èlé rẹ̀ jẹ́ ₦25,000, kí wọ́n máa san ₦25,000 lóṣooṣù fún oṣù mọ́kànlá. Oṣù mẹ́fà kọjá, oṣù méjì péré ni wọ́n san. A ní kí wọ́n bá wa pe ẹni tí ó yá a. Ìyá kan tí ń ta gààrí ni. Wọ́n jókòó, wọ́n wo ilẹ̀ títí, wọ́n ní, "Ọ̀gá, kì í ṣe pé ọmọ mi kò mọ̀wé o. Ẹ̀rù ni ó bà mí."

Ọkùnrin kan ni ó ti sọ fún wọn pé ẹ̀kọ́ òfin kò ṣeé wọ̀ bí èèyàn kò bá "mọ ẹnìkan", àti pé òun yóò bá ọmọ náà gba máàkì tí ó lé ní 300. Wọ́n fún un ní ₦180,000 nínú owó ẹgbẹ́. Ọmọ náà gba ìlérí yẹn gbọ́, ó pa ìwé dé. Nígbà tí èsì jáde, máàkì rẹ̀ kò tó 160. Fóònù ọkùnrin náà kò lọ mọ́. Gbèsè tí ó kù jẹ́ ₦225,000, àwọn onídùúró méjèèjì sì ni òfin ẹgbẹ́ dojú kọ: ₦112,500 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ti ń kó owó tirẹ̀ jọ láti fi kan páànù.

Ìdánwò wo ni à ń wí?

Ní orílẹ̀-èdè wa, ẹnu ọ̀nà méjì ni ó wà kí ọmọ tó di agbẹjọ́rò. Ẹnu ọ̀nà kìn-ín-ní ni ìdánwò JAMB, tí a ń pè ní UTME. Ọdún 1978 ni ìjọba dá JAMB sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá yege níbẹ̀, tí yunifásítì sì gbà á, yóò kẹ́kọ̀ọ́ òfin fún ọdún márùn-ún. Ẹnu ọ̀nà kejì ni Ilé Ẹ̀kọ́ Amòfin ti Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, tí olú ilé rẹ̀ sì wà ní Bwari ní Àbújá nísinsìnyí. Níbẹ̀ ni ẹni tí ó ti gba oyè nínú òfin yóò ti kọ́ṣẹ́, tí yóò sì ṣe ìdánwò ìkẹyìn kí wọ́n tó pè é sí ẹgbẹ́ amòfin.

Àwọn tí ọmọ wọn wà ní Amẹ́ríkà lè gbọ́ orúkọ mìíràn, LSAT. Ìlànà tiwọn yàtọ̀: ọmọ yóò kọ́kọ́ gba oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ tí ó wù ú, lẹ́yìn náà ni yóò ṣe LSAT, tí máàkì rẹ̀ ń lọ láti 120 dé 180. Kì í béèrè òfin lọ́wọ́ ọmọ. Bí ó ti ń ka ọ̀rọ̀ lákàyé àti bí ó ti ń ro ọ̀rọ̀ já ni ó ń dán wò. Ṣùgbọ́n ti ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, JAMB ni.

Bí ìdánwò náà ti rí

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni ọmọ yóò ṣe, Èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ọ̀ranyàn. Ìbéèrè 60 ni ti Gẹ̀ẹ́sì, 40 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta yòókù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180. Wákàtí méjì ni wọ́n fún wọn, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú 120 fún ìbéèrè 180, ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ni ó bọ́ sórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí yóò fi àkókò rẹ̀ wá bọ́tìnnì kiri. Máàkì gbogbo rẹ̀ jẹ́ 400.

Fún ẹ̀kọ́ òfin, àwọn ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù gbọ́dọ̀ wá láti inú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà àti ìmọ̀ àwùjọ: Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀kọ́ Ìjọba, Ìtàn, ẹ̀kọ́ Ọrọ̀-ajé, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn àti irú bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ni kò fẹ́ rí ọmọ tí kò ní Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ì báà ṣe nínú JAMB tàbí nínú ìwé ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá. A kò sọ èyí láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí àwa fúnra wa ti jìn sí kòtò yìí. Nígbà tí ọmọbìnrin wa fẹ́ kọ́ òfin, àwa tí a gba dípúlómà, tí a ń yẹ ìwé àwọn ẹlòmíràn wò, kò ka ìlànà yunifásítì tí ó yàn. Máàkì rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò ní Lítíréṣọ̀. Odidi ọdún kan ni ó fi jókòó sílé nítorí ojú ewé kan tí a kò kà.

Lẹ́yìn JAMB, ọ̀pọ̀ yunifásítì tún máa ń ṣe àyẹ̀wò tiwọn. Ní 2025, máàkì 150 ni JAMB fi lélẹ̀ fún yunifásítì pé kí wọ́n má ṣe gba ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sinmi o. Àwọn tí ń du ẹ̀kọ́ òfin pọ̀ ju àyè lọ, nítorí náà máàkì tí wọ́n fi ń gba ọmọ sí i máa ń ga ju èyí lọ ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí nǹkan ti rí. Nígbà tí èsì 2025 kọ́kọ́ jáde, nínú èsì 1,955,069, àwọn tí kò gba tó 200 lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Àwọn tí ó gba 300 sókè kò tó 13,000. JAMB jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé àṣìṣe wà nínú ètò ní àwọn ibùdó kan, ọmọ 379,997 ni wọ́n sì ní kí ó tún ìdánwò ṣe. Bí a bá tilẹ̀ yọ èyí kúrò, ó ṣì hàn gbangba pé 300 kì í ṣe ohun tí ènìyàn kan ń tà nínú àpò.

Báwo ni ọmọ yóò ṣe múra?

Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Ìmúra fún ìdánwò yìí dà bí owó ìfipamọ́ inú ẹgbẹ́ wa. Ẹni tí ó ń dá díẹ̀ lóṣooṣù ni ó ń rí owó gbà nígbà tí ọdún bá pé. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bí ọmọ bá ń ka ìwé fún wákàtí kan ààbọ̀ lálẹ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ogójì ọ̀sẹ̀, wákàtí 300 ni yóò jẹ́. Bí ó bá dúró títí ó fi ku oṣù méjì, kí ó tó rí wákàtí 300 náà, yóò ní láti kàwé fún nǹkan bí wákàtí márùn-ún lójoojúmọ́, láìsí ìsinmi, láìsí iṣẹ́ oko, láìsí àìsàn. Nínú ilé wo nínú àwọn ilé wa ni èyí ti ṣeé ṣe?

Èkínní, kí ọmọ gba ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ tí JAMB ń gbé jáde, kí ó máa fàlà sí ibi tí ó bá ti kà tán. Èkejì, kí ó ka ìwé ìtàn tí JAMB bá yàn fún ọdún náà, nítorí wọ́n máa ń béèrè ọ̀rọ̀ láti inú rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kẹta, kí ó máa ṣe ìbéèrè àtijọ́ pẹ̀lú aago níwájú rẹ̀, kí ó sì ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ àṣìṣe rẹ̀ sí. Ìwé àṣìṣe yìí ṣe pàtàkì gẹ́gẹ́ bí ìwé àkọsílẹ̀ gbèsè ṣe ṣe pàtàkì fún akápò. Ẹ̀kẹrin, kí ó lo kọ̀ǹpútà ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí ọjọ́ ìdánwò tó dé. Ẹ̀karùn-ún, kí ẹ tètè rí i pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, tí à ń pè ní NIN, wà nílẹ̀, àti pé orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ bára mu nínú gbogbo ìwé. Ẹ fi owó ọkọ̀ pamọ́ pẹ̀lú, nítorí ọmọ Ìfọ́n lè ní láti lọ sí Ọ̀wọ̀ tàbí ìlú mìíràn ṣe ìdánwò ní kùtùkùtù òwúrọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ọmọ ọlọ́rọ̀ nìkan ni èyí wà fún. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń ra kòkó, ó ń fi ọkọ̀ ṣòwò, síbẹ̀ ó ń ka ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, títí ó fi gba oyè ẹ̀kọ́ ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì pè é sí ẹgbẹ́ amòfin ní 1946. Ní àdúgbò wa níhìn-ín, Rótìmí Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀, kọ́ òfin ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn amòfin Nàìjíríà ní 2008, ó sì di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2017 kí ó tó papò dà ní 2023. Lónìí, ẹ̀kọ́ òfin wà ní Àkùngbá, ní Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin, nínú ìpínlẹ̀ tiwa.

Kí ẹ tó san owó fún ilé ẹ̀kọ́ kankan, ẹ béèrè bóyá àjọ tí ń mójú tó ẹ̀kọ́ amòfin fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ òfin ibẹ̀, nítorí iye ọmọ tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè rán lọ sí Ilé Ẹ̀kọ́ Amòfin ní ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí ó gba oyè òfin ní yunifásítì NOUN fi dúró kí ilẹ̀kùn ibẹ̀ tó ṣí fún wọn.

Ẹ̀kọ́ tí kò gba màgòmágó

Àwọn kan yóò ní, "Kí ọmọ ṣáà wọlé ná." Ẹ gbọ́, láti 1999 ni òfin kan ti wà tí ó fi ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn de màgòmágó ìdánwò. Yàtọ̀ sí èyí, bí ọmọ bá gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé, ìdánwò Ilé Ẹ̀kọ́ Amòfin ń dúró dè é. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, máàkì èyí tí ó kéré jù lọ ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n oyè tí wọn yóò fún un. Ẹni tí ó gbé mẹ́rin, tí ó jẹ́ kí ọ̀kan bọ́, kò tíì ṣe nǹkan. Àwọn àgbà amòfin tí ń pe ènìyàn sí ẹgbẹ́ náà sì ń wo ìwà kí wọ́n tó pè é.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa fún ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni èyí. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá wá yá owó ilé-ìwé, ẹ má ṣe tìjú láti béèrè pé kí ni ó fẹ́ fi rà. Owó ìwé, owó fọ́ọ̀mù, owó olùkọ́, owó kọ̀ǹpútà, owó ọkọ̀: ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì mú rìsíìtì wá. Owó tí kò ní rìsíìtì kò ní orúkọ. Ẹ̀yin onídùúró, ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí i, nítorí ẹ̀yin ni gbèsè yóò wá bá.

Ní ti ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ náà tún ètò gbèsè wọn ṣe: ₦15,000 ni wọn yóò máa san lóṣooṣù fún oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ọwọ́ má baà kan owó àwọn onídùúró. Olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ní kí ọmọ náà máa wá sọ́dọ̀ òun lálẹ́, láìgba kọ́bọ̀. Nígbà tí a padà lọ síbẹ̀, a bá ọmọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò gààrí ìyá rẹ̀, ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ìwé àṣìṣe rẹ̀ sì wà lórí itan rẹ̀. A ní kí ó jẹ́ kí a wò ó. Ojú ewé mẹ́tàlélógún ni ó ti kọ kún.

Ìyá rẹ̀ ti san oṣù mẹ́rin nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ire o.